Ojú Oórì, Oríkì àti Ìwé Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìtàn Ìdílé Nílẹ̀ Yorùbá

Ibi méjì ni ìtàn ìdílé Yorùbá wà. Apá kan wà nínú ilé: nínú oríkì, nínú orúkọ, nínú èèwọ̀, àti nínú ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn baba ńlá sí. Apá kejì wà nínú ìwé tí àwọn àlùfáà ìjọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àti akọ̀wé kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé mọ orírun, ó mọ ẹni tó bí ẹni, ṣùgbọ́n kì í sábà mọ ọdún. Ìwé mọ ọdún, àmọ́ ó máa ń ṣi orúkọ kọ, ó sì máa ń fo ìyàwó àti ọmọ tí kò bá òfin rẹ̀ mu. Ẹni tó bá gbára lé ọ̀kan ṣoṣo yóò ṣìnà. Ikú ni ibi tí méjèèjì ti máa ń pàdé: òkú ni ilé ń sin, òkú kan náà ni àlùfáà ń kọ sínú ìwé, orí ogún òkú náà ni ẹbí sì máa ń bá ara wọn dé kóòtù. Ìdí nìyí tí ìsìnkú fi jẹ́ ẹnu ọ̀nà tó dára jù lọ fún ẹni tó ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí ó pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Baálé tàbí mọ́gàjí ni a kọ́kọ́ ń kí. A ó sọ ohun tí a ń wá fún un láìfi bò, nítorí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ baba ńlá tètè máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ bá àwọn obìnrin. Ọkùnrin ilé máa ń mọ ẹni tó jẹ oyè àti ẹni tó ni oko; ìyàwó ilé ni ó mọ oríkì olúkúlùkù, torí pé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ ní orúkọ, tí ó sì jẹ́ pé oríkì ni ó fi ń kí ilé lówùúrọ̀. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù láàárín àwọn ọdún 1970, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ I Could Speak Until Tomorrow (1991) pé ẹnu àwọn obìnrin ni oríkì ìdílé pọ̀ sí jù. Olùwádìí tó bá jókòó ti bàbá nìkan, tí kò dé ẹ̀yìnkùlé, ti fi ìdajì ìtàn sílẹ̀.

Ìbéèrè nípa ìsìnkú máa ń mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu àgbà ju ìbéèrè nípa ìbí lọ. Ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni rántí ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló rántí bí òkú rẹ̀ ṣe lọ: yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ibi tí wọ́n gbẹ́ sàréè sí, àna tó mú màlúù wá, aṣọ tí àwọn ọmọ òkú dá, àti gbólóhùn asọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lórí ìnáwó. Inú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìyàwó tí a kò gbọ́ rí ti ń jáde, àti ti ọmọ tó ti lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn.

Láyé àtijọ́, inú ilé ni Yorùbá ń sin òkú àgbà sí, ìbáà jẹ́ nínú yàrá rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní àgbàlá. Ojú oórì ni ibi tí àwọn ọmọ ti ń bọ bàbá wọn, tí wọ́n ń pa obì, tí wọ́n sì ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Nítorí náà agboolé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tí wọ́n sin sínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé tàbí ẹni tí ilé gbà bí ọmọ, ìdílé sì máa ń tọ́ka sí ojú oórì baba wọn láti fi hàn pé àwọn ni ó ni ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí olùwádìí ṣe ni kí ó ya àwòrán agboolé náà sórí ìwé, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sùn síbẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àgbà méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a kò bá rí ìyá àgbà kan ní ilé ọkọ rẹ̀, kí a béèrè ní ilé bàbá rẹ̀ tàbí ní ilé ọmọ tó tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Wọ́n máa ń gbé òkú obìnrin padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ìdílé ìyá ti ń ṣí sílẹ̀, ìdílé tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kì í wá rárá.

Láyé àtijọ́ náà, kì í ṣe gbogbo òkú ni ilé ń gbà. Aboyún tó kú toyún-toyún, abuké, adẹ́tẹ̀, ẹni tí ààrá pa àti ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná pa, àwọn awo ni ó ń sin wọ́n, inú igbó tàbí ibi ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbé wọn lọ. Àwọn Magbà, ìyẹn àwọn abọ̀rẹ̀ Ṣàngó, ni ó ń bójú tó ẹni tí ààrá bá pa. Àwọn abọ̀rẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná máa ń kó ẹrù olóògbé lọ pẹ̀lú òkú rẹ̀ nígbà náà. Bí ìdílé kan bá ní baba ńlá tó gbajúmọ̀ àmọ́ tí kò ní ojú oórì, tí ogún rẹ̀ kò sì hàn, kí a má ṣe yára rò pé ó sá kúrò nílùú tàbí pé kì í ṣe ọmọ ilé. Àrùn ṣọ̀pọ̀ná lè jẹ́ ìdí rẹ̀, kí a sì fi ọ̀wọ̀ béèrè, nítorí ilé máa ń fi irú ikú bẹ́ẹ̀ pamọ́ títí di òní.

Òkú ọ̀fọ̀ tún ṣòro tọpa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé tó kú kì í ní ìnáwó, òbí rẹ̀ kì í dé ibi tí wọ́n sin ín sí, láìpẹ́ orúkọ rẹ̀ á ti parẹ́ nínú ìtàn ilé. Ohun tó ṣẹ́kù ni orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ tó yè. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ikú ti wọ ilé náà ṣáájú ìbí ẹni tó ń jẹ́ wọn, títí dé ààfin pàápàá: ọba tó jẹ ní Èkó láti 1845 di 1851 ni Kòsọ́kọ́. Ère ìbejì náà jẹ́ àkọsílẹ̀. Ère kan dúró fún ọmọ kan tó kú, àwọn ilà ojú tí a gbẹ́ sí i sì lè jẹ́ ti ìdílé náà. Ìdílé tó bá ṣì ní i lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ tà á fún àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri kí wọ́n tó yà á ní fọ́tò, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ọmọ tí ó dúró fún. Ó sàn kí wọ́n má tà á rárá.

Nínú ìnáwó òkú àgbà, ìdí kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú owó wá, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí ìwé tí wọ́n fi kọ owó ìsìnkú sílẹ̀ ti rí iye ìyàwó olóògbé àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ìpín yìí kan náà ni ó máa ń padà wáyé nínú ogún, níbi tí wọ́n ti ń pín in ní ìdí igi, ìyẹn ní ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tàbí ní orí ò jorí, ìyẹn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, dá lórí ogún Suberu Dawodu, tó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún. Ilé ẹjọ́ fara mọ́ ìdí igi. Ètò ìsìnkú tún ń sọ iṣẹ́ tí olóògbé ṣe. Bí àwọn ọdẹ bá ṣe ìṣípà fún un, tí wọ́n sun ìrèmọ̀jé, a mọ̀ pé ọdẹ ni, ìrèmọ̀jé náà á sì ti dárúkọ àwọn baba rẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn ọlọ́lá kan wà tí wọ́n gbẹ́ àkó fún, ère tó jọ olóògbé tí wọ́n fi ṣe ìsìnkú rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ilé ọlọ́jẹ̀ ní eégún tirẹ̀. Kí a béèrè àwọn awo tó wá síbi òkú náà, ẹni tó pè wọ́n àti ìdí tí wọ́n fi wá.

Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á sì sin ín láìsí pósí, ojú rẹ̀ sí Mẹ́kà, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ohun tí a kọ sórí sàréè. Ìdílé tó ń wá òkúta kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Kí wọ́n béèrè ẹni tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ àti ti ogójì, kí wọ́n sì wá ilé àfáà náà lọ, bóyá ìwé kéú tí wọ́n kọ ọjọ́ sí ṣì wà níbẹ̀. Ọdún Hijra kúrú ju ọdún òyìnbó lọ ní nǹkan bí ọjọ́ 11. Bí ìwé bá sọ pé bàbá lo ọdún 66 láyé lọ́nà yìí, bí 64 ni ti òyìnbó.

Òkúta sàréè onígbàgbọ́ rọrùn láti kà, ìdí nìyẹn tó fi ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú, nígbà tí ọmọ kan rí owó. Ọjọ́ orí tó wà lára wọn sì jẹ́ èyí tí ẹbí fojú díwọ̀n. 80, 90 àti 100 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ ikú ṣeé gbà, ọjọ́ ìbí kò ṣeé gbà àfi bí ìwé mìíràn bá tì í lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́ wá, tí ó kún fún ìtàn ìgbé ayé olóògbé. Ó dára fún orúkọ ọmọ, ilé ìwé àti ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbàgbé ìyàwó tí ìjọ kò so pọ̀ mọ́ ọn. Itẹ́ òkú fúnra rẹ̀ sì lè parẹ́. Ìjọba wó itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ní àwọn ọdún 1970, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàró àkọ́kọ́ sí, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, wà lára wọn kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kàtídírà ní Marina. Àwọn tí wọn kò rí ẹni gbé wọn kúrò kò ní òkúta mọ́, àfi orúkọ inú ìwé ìsìnkú ìjọ wọn.

Kí a tó kúrò nílé lọ sídìí ìwé, ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ ti kọ sílẹ̀: oríkì orílẹ̀, èèwọ̀ àti ilà ojú. Orílẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí àwọn baba ti ṣí wá, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìdílé dé ibikíbi tí ogun bá tú wọn ká sí. Ẹbí kan lè ti lo ìran márùn-ún ní Ìbàdàn kí oríkì wọn ṣì máa pè wọ́n ní ọmọ Oníkòyí tàbí ọmọ Olófà. Ìwé Adébóyè Babalọlá, Àwọn Oríkì Orílẹ̀ (1967), ṣì wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi èyí tó gbọ́ nílé wé ti ibòmíràn. Èèwọ̀ ìdílé máa ń ti oríkì lẹ́yìn. Àwòrán ilà bí àbàjà, pélé, kẹ́kẹ́ àti gọ̀ǹbọ́ wà nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó kọ parí ní 1897 àmọ́ tí wọ́n kò tẹ̀ jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kí a ṣọ́ra ṣá o: ẹrú tí wọ́n rà sínú ilé lè gba ilà àti oríkì olówó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì di ọmọ ilé. Kò yẹ kí olùwádìí fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dójú ti ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kí ó pa á rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Orúkọ ń sọ àkókò. Bàbátúndé àti Ìyábọ̀ ń fi hàn pé bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kú láìpẹ́ sí ìbí ọmọ náà, nípa bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìbí ẹnì kan ń tọ́ka sí ọjọ́ ikú ẹlòmíràn. Àyàn, Ọ̀jẹ̀, Ògún, Ọdẹ àti Ifá ń sọ iṣẹ́ tàbí òrìṣà ilé. Nígbà tí ìdílé kan bá sì yí Ifá padà sí Olú tàbí Jésù, a mọ ìran tí ìgbàgbọ́ wọlé. Fún ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni àwọn àgbà fi ń ka nǹkan. Ìjàyè tú ní 1862. Ogun Jálumi jà ní 1878. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ogun Adùbí àti àjàkálẹ̀ lùkúlùkú sì ṣẹlẹ̀ ní 1918. Bí ìyá kan bá ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ti ń kiri ọjà nígbà lùkúlùkú, a lè fi ìbí rẹ̀ sí nǹkan bí 1905 sí 1910.

Pẹ̀lú orúkọ, àdúgbò àti àkókò báyìí lọ́wọ́, ìwé wá ṣeé wá. Ìwé ìjọ ni ó pẹ́ jù. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní 1842, àwọn CMS (Church Missionary Society) tẹ̀ lé wọn ní 1845, wọ́n sì dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ìwé ìrìbọmi máa ń ní orúkọ ọmọ, òbí, ibùgbé àti iṣẹ́ bàbá. Ìwé ìsìnkú máa ń ní ibùgbé, ọjọ́ orí àti ọjọ́ tí wọ́n sin òkú. Ọ̀dọ̀ ìjọ fúnra wọn ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ṣì wà, nínú àpótí tí ikán ń bá jà. Ìròyìn ojoojúmọ́ tí àwọn òjíṣẹ́ CMS, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù wà ní Yunifásítì Birmingham nísinsìnyí, lábẹ́ àmì CA2. Àwọn ará ìlú lásán wà nínú wọn pẹ̀lú orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹnu àti bí wọ́n ṣe kú.

Ìtàn Crowther fi hàn bí ìwé ìjọ ṣe ń ranni lọ́wọ́ àti bí ó ṣe ń dáni rú. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tú u sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì rì í bọmi ní Sierra Leone ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825. Orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ni Samuel Crowther tí wọ́n sọ ọ́. Ní 1846 ó padà rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Ìyá náà di Hannah nígbà ìrìbọmi rẹ̀ ní 1848. Láìsí ìtàn tí Crowther fúnra rẹ̀ kọ, kò sí bí ìwé ṣe lè so Hannah ti Abẹ́òkúta mọ́ ọmọ Ọ̀ṣogùn tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ìdílé Sàró ní irú àlàfo yìí. Orúkọ ìdílé wọn kì í sọ orírun, oríkì àti orúkọ ìyá àgbà ni ó ń sọ ọ́.

Ìwé ìjọba wà káàkiri. Àwọn ìròyìn tí òṣìṣẹ́ amúnisìn kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1930, pẹ̀lú orúkọ agboolé, oyè àti ìtàn ìtẹ̀dó, wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé owó orí náà ń dárúkọ àwọn ọkùnrin àdúgbò. Ní Èkó, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onílé ní ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù ni ó lọ́rọ̀ jù. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908, ọ̀rọ̀ dá lórí ilé tí Olóyè Mabinuori fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1874, ó sì ní ọmọ 12. Láti yanjú ẹni tó lè jẹ́ olórí ẹbí, àwọn ẹlẹ́rìí ní láti ka ìran náà létí adájọ́, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí òpìtàn tó lè gba irú ìtàn ìdílé bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹbí nírọ̀rùn. Kí a rántí pé ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ń jà fún ìpín tirẹ̀. Ohun tí ìhà méjèèjì fẹnu kò lé lórí ni kí a kọ́kọ́ gbà.

Fún àwọn tí òwò ẹrú gbé kọjá òkun, ọ̀nà gùn, àmọ́ kò dí. Ní Freetown, wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara àwọn tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú sílẹ̀. Orúkọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 láti ibẹ̀ àti láti Havana ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a ka orúkọ wọ̀nyí sókè pẹ̀lú ohùn Yorùbá, nítorí etí òyìnbó ni ó kọ wọ́n. Ní Kúbà, lucumí ni ìwé pe Yorùbá. Ní Bràsíl, nagô ni. Ruy Barbosa, mínísítà ìṣúná Bràsíl, pàṣẹ ní 1890 pé kí wọ́n jó ìwé ẹrú tó wà ní ilé ìṣúra Bràsíl, ṣùgbọ́n ìwé ìjọ àti ìwé ìhágún àwọn tó ra ara wọn padà yè é. Ìwé ikú ní Salvador máa ń sọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin òkú sí àti irú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹgbẹ́ àdúrà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń sin ara wọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó òkú lọ sí itẹ́ ìta, àwọn ará ìlú wó itẹ́ òkú Campo Santo ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1836. Ẹni tó ń wá baba ńlá Àgùdà kan, ìyẹn ẹni tó padà wá láti Bràsíl tàbí Kúbà, ní Èkó tàbí ní Wídà lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ìwé wọ̀nyí àti ìwé ìrìnnà àwọn tó padà sílé.

Bí ẹ̀rí bá ta kora, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. "Bàbá" lẹ́nu àgbà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, "ọmọ" sì lè jẹ́ ọmọ ọmọ. Kí a béèrè inú ìyá tó bí i. Àwòrán ojú oórì, ohùn tí a gbà sórí fóònù, fọ́tò òkúta àti àdàkọ ìwé ìjọ yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, nínú ẹbí, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìdílé tó fẹ́ wó ilé àtijọ́ láti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì kọ́kọ́ pe àgbà tó mọ ibi tí àwọn baba sùn, kí wọ́n wọn ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí bíríkìlà tó dé.